Ẹyẹ Ojú Fèrèsé Nígbà Òtútù: Sàárà Tó Ní Àmáánà Nínú

Ní ìparí oṣù Disẹ́ńbà, nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀ ni oòrùn máa ń yọ ní Lọ́ńdọ̀nù, kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sì tó lù, ó ti wọ̀. Ìdílé Mùsùlùmí tó ń gbé níbẹ̀ mọ èyí dáadáa, nítorí àkókò ìrun ló ń fi hàn wọ́n. Àìlà àti aláásárì fẹ́rẹ̀ẹ́ so mọ́ ara wọn, mọ̀gàríbì sì máa ń ká àwọn ọmọ mọ́ ojú ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń ti iléèwé bọ̀. Ṣùgbọ́n àǹfààní kan wà níbẹ̀. Àsùbáà ìgbà òtútù kò dà bíi ti ìgbà ooru tí a ń jí sí ní òru dúdú. Gbogbo ilé lè kí i pa pọ̀ kí àwọn ọmọ tó múra iléèwé. Bí ẹ bá sálámà tán tí ẹ sì dákẹ́ díẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ gbọ́ ẹyẹ kan tó ń kọrin nínú òkùnkùn níta.

Robin ni ẹyẹ náà. Ó kéré, àyà rẹ̀ sì pọ́n bí epo. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń pa ẹnu mọ́ nígbà òtútù, àmọ́ robin kì í dákẹ́, torí pé ní àsìkò yìí kálukú wọn ló ń ṣọ́ ilẹ̀ tirẹ̀, àti akọ àti abo. Orin tó dùn létí wa yẹn, ìkìlọ̀ ni fún robin mìíràn pé kó má ṣe wọ ibẹ̀. Iná òpópónà pàápàá máa ń mú kó kọrin ní àárín òru, bí ẹni tó rò pé ilẹ̀ ti mọ́.

Bí ilẹ̀ bá wá mọ́ tán, ẹ ó rí òmíràn tó tún kéré sí i: blue tit, tó ní fìlà aláwọ̀ búlúù lórí, tí ikùn rẹ̀ sì dà bí àwọ̀ ìyeyè. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 11, kò tó owó ẹyọ pọ́n-ùn méjì kan ṣoṣo. Ẹ ro ohun tó wà níwájú ẹ̀dá yìí. Láàárín nǹkan bíi wákàtí 8 ìmọ́lẹ̀, ó gbọ́dọ̀ rí oúnjẹ tó máa gbé e la wákàtí 16 òkùnkùn àti òtútù já. Ọ̀rá tó bá kó sára lọ́sàn-án ni yóò máa jó bí epo àtùpà mọ́jú. Bí kò bá rí jẹ tó, ó lè má jí. Yìnyín ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta péré ti tó láti pa ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Nínú hádíìsì kan tí Umar ọmọ Khattab (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) gbà wá, tí Tirmidhi sì kọ sílẹ̀, Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi ẹyẹ ṣe àpẹẹrẹ ìgbáralé Ọlọ́hun. Ó mẹ́nu ba bí wọ́n ṣe ń jáde láàárọ̀ tí inú wọn ṣófo, tí wọ́n sì ń padà nírọ̀lẹ́ ní yíyó. Àwọn áàfáà wa máa ń fi kún un pé ẹyẹ náà jáde ni, kò jókòó sínú ìtẹ́ kó máa retí. Àmọ́ ẹni tó ń gbé ní ìlú olótùútù á rí ìhà kejì ọ̀rọ̀ náà: arísìkí tí ẹyẹ náà jáde lọ wá, ó lè jẹ́ ojú fèrèsé tiyín ni Ọlọ́hun fi sí. Hádíìsì Anas nínú Bukhari àti Muslim sì ti jẹ́ ká mọ̀ pé bí Mùsùlùmí bá gbin igi tàbí irúgbìn, tí ẹyẹ sì jẹ nínú rẹ̀, sàárà ni wọ́n á kà á sí fún un.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń ra ike oúnjẹ ẹyẹ, ìyẹn ike gígùn oníhò tàbí àwọ̀n irin tí wọ́n ń fi kọ́ síta. Kò wọ́n, kò sì ṣòro. Ohun tí wọn kì í sábà sọ fún wa ní ṣọ́ọ̀bù ni pé oúnjẹ yìí kan náà lè pa ẹyẹ tí a fẹ́ ràn lọ́wọ́.

Ohun tí wọ́n lè jẹ

Ohun tó dára jù ni kóró sunflower tí wọ́n ti bó, torí ọ̀rá inú rẹ̀ pọ̀, kì í sì í fi èèpo dọ̀tí sílẹ̀. Ẹ̀pà náà dára, ṣùgbọ́n kó jẹ́ èyí tí kò ní iyọ̀, tí wọn kò sì dín. Ẹ ra èyí tí wọ́n tà fún ẹyẹ, tí wọ́n kọ sí ara àpò rẹ̀ pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò fún aflatoxin. Májèlé inú ẹ̀pà tó bu ni aflatoxin. Àwa tí wọ́n bí síbi tí wọ́n ti ń sá ẹ̀pà sí oòrùn mọ irú ẹ̀pà tí ìyá wa máa ń ṣà jù nù. Oat tí a kò tíì sè dára, bẹ́ẹ̀ náà ni èso apple tó ti rọ̀ jù fún ọmọ láti jẹ. Ẹ ju apple yẹn sílẹ̀ fún blackbird, ẹyẹ dúdú tí ẹnu rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ọsàn.

Ìrẹsì jollof àná ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e síta. Ohun tó máa yà yín lẹ́nu ni pé kì í ṣe ata ni ìṣòro rẹ̀. Ẹyẹ kì í mọ títa ata lẹ́nu rárá, ìdí nìyẹn tí àwọn ẹyẹ ilé fi ń ṣa ata jẹ lóko láìbìkítà. Iyọ̀ àti Maggi ni ọ̀tá. Ara ẹyẹ kékeré kò lè lé iyọ̀ jáde bíi tiwa, ìwọ̀nba díẹ̀ tí a kò ní mọ̀ lẹ́nu lè ṣe é léṣe. Òróró ọbẹ̀ náà burú. Bó bá lẹ̀ mọ́ ìyẹ́, ìyẹ́ náà kò ní lè dá òtútù dúró mọ́. Ìrẹsì funfun tí a sè láìfi iyọ̀ sí kò léwu.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó kan àwa Mùsùlùmí ní pàtàkì. Nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ ó rí ọ̀rá tí wọ́n rọ bíi bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń tà fún ẹyẹ. Ẹyẹ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an nígbà òtútù. Ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jẹ́ ọ̀rá màlúù tí a kò mọ bí wọ́n ṣe pa á, àwọn kan sì jẹ́ lard, ìyẹn ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀. Ẹyẹ kò ní haráámù tirẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ àwa la ń fi owó ra nǹkan. Hádíìsì Jabir nínú Bukhari àti Muslim, tí Ànábì sọ ní ọdún tí wọ́n ṣẹ́gun Mẹ́kà, ka títa òkú ẹran àti ẹlẹ́dẹ̀ mọ́ ohun tó jẹ́ èèwọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ kúlẹ̀kúlẹ̀ rẹ̀, ẹ bi áàfáà yín. Lójú tèmi, kò yẹ kó di àríyànjiyàn, nítorí pé èyí tí wọ́n fi ọ̀rá ewéko ṣe wà, kóró sunflower sì ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Bí àwọ̀n ọ̀rọ́bà bá wà lára bọ́ọ̀lù náà, ẹ já a kúrò kí ẹ tó gbé e síta, torí ó máa ń há ẹyẹ lẹ́sẹ̀.

Ibi tí ẹ máa gbé e sí

Ẹni tó ní ọgbà lẹ́yìn ilé lè fi ike náà kọ́ sórí òpó tàbí ẹ̀ka igi. Kó jìnnà tó mítà méjì sí igbó ṣúúrú, kí ológbò má baà lúgọ síbẹ̀, kó má sì jìnnà jù kí ẹyẹ lè ríbi sá sí bí àṣá bá yọ. Àṣá kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sparrowhawk. Bí gbogbo ẹyẹ bá ṣàdédé parẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, òun ni kí ẹ wò fún.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa, inú fúláàtì la wà. Ike kan wà tí wọ́n ṣe fún ojú gíláàsì fèrèsé, tó ń lẹ̀ mọ́ ọn fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ á rí ẹyẹ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sí imú wọn. Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé àdéhùn ilé yín, torí àwọn onílé kan kò gbà á. Kí ẹ sì ro ti ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ yín, ẹ̀tọ́ aládùúgbò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Oúnjẹ tó bá ń dà sílẹ̀ lálẹ́ máa ń pe eku. Ìwọ̀n tí ẹyẹ lè jẹ tán kí ilẹ̀ tó ṣú ni kí ẹ máa bù sí i.

Ẹ má jẹ́ kó sú yín bí ẹyẹ kankan kò bá wá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n ń wò yín.

Ẹyẹ tó wú gànnàgànnà

Èmi gan-an ti ṣe àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ yìí. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo gbé ike oúnjẹ síta, mo máa ń kún un bó bá ti ṣófo, mo sì rò pé iṣẹ́ mi parí síbẹ̀. Òjò rọ̀ sí i, kóró tó wà nísàlẹ̀ di ẹ̀kọ, ìgbẹ́ ẹyẹ gbẹ mọ́ etí rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí ẹyẹ aláwọ̀ ewé kan tó jókòó sẹ́bàá ike náà. Ìyẹ́ rẹ̀ wú gànnàgànnà bí ẹni pé òtútù ń mú un, oúnjẹ tó ti rin lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Mo sún mọ́ ọn, kò fò. Inú mi dùn nígbà náà, mo rò pé ojú mi ti mọ́ ọn lára ni. Ní ọjọ́ kejì, òkú rẹ̀ ni mo bá lórí koríko.

Greenfinch ni ẹyẹ náà, àìsàn tó sì pa á ni wọ́n ń pè ní trichomonosis. Kòkòrò kékeré kan tí ojú lásán kò lè rí ló ń fà á. Ọ̀fun ẹyẹ ló máa ń dí, tí kò fi ní lè gbé oúnjẹ mì. Ẹyẹ tó ń ṣàìsàn á gbé kóró sẹ́nu, á tutọ̀ rẹ̀ padà, ẹlòmíràn á sì jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ràn níbi tí wọ́n ti ń jẹun àti níbi omi mímu. Àìsàn àwọn ẹyẹlé ni tẹ́lẹ̀. Ọdún 2005 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i lára àwọn finch ní Bìrìtéènì, láti ìgbà náà ló sì ti ń pa greenfinch bí ẹni fi ọwọ́ gbá a. Nígbà tó fi máa di ọdún 2021, wọ́n ti kọ orúkọ greenfinch sínú ìwé pupa, ìyẹn àkójọ àwọn ẹyẹ tí ọ̀rọ̀ wọn le jù ní ilẹ̀ náà, torí iye wọn ti dín ní ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọdún 1993. Ẹ rántí pé kì í ṣe ọdẹ ló pa wọ́n. Ọ̀pọ̀ wọn ló kó àìsàn náà níbi tí àwọn tó fẹ́ràn wọn ti ń fún wọn lóúnjẹ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, RSPB, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹyẹ ní Bìrìtéènì, dá títa àwọn àwo oúnjẹ pẹrẹsẹ dúró nítorí ọ̀rọ̀ yìí, torí pé lórí ohun pẹrẹsẹ ni oúnjẹ ti ń pọ̀ mọ́ itọ́ àti ìgbẹ́.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò ju kí a fọ̀ ọ́ lọ. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ da ohun tó kù nínú rẹ̀ nù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì, omi gbígbóná àti oògùn apakòkòrò tí kò le fọ̀ ọ́, ẹ fi omi ṣan án dáadáa, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ táútáú kí ẹ tó tún un kún. Gbígbẹ yẹn ṣe pàtàkì, nítorí kòkòrò náà kì í pẹ́ láyé níbi tó gbẹ. Ẹ máa pààrọ̀ omi mímu wọn lójoojúmọ́. Ẹ máa ṣí ike náà kúrò lójú kan náà kí ìgbẹ́ má baà gbá jọ sísàlẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ níta, búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ilé ìdáná, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn rẹ̀. Àìsàn yìí kì í ràn ènìyàn, àmọ́ àwọn mìíràn wà lára ẹyẹ tó lè ràn wá. Ilé wa ti mọ ọjọ́ Jímọ̀ sí ọjọ́ ìwẹ̀ àti aṣọ mímọ́. Ẹ lè so fífọ ike náà mọ́ ọn kí ẹ má baà gbàgbé.

Bí ẹ bá rí ẹyẹ tó wú bí èyí tí mo rí, ẹ gbé gbogbo oúnjẹ àti omi kúrò lójú ẹsẹ̀. Ó kéré tán kí ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí ẹ tó dá a padà. Ó máa ń ṣe ènìyàn bí ẹni pé a ń fi ebi pa àwọn tó kù, ṣùgbọ́n títú wọn ká ló lè gbà wọ́n là. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ lásán kan òkú ẹyẹ.

Ọgbà ìgbafẹ́ àdúgbò

Bí ilé kò bá gba ike, ọgbà ìgbafẹ́ gbà yín. Ní Burgess Park, tí kò jìnnà sí Peckham tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ń gbé, adágún omi kan wà tó máa ń kún fún ẹyẹ omi nígbà òtútù: pẹ́pẹ́yẹ olórí àwọ̀ ewé tí wọ́n ń pè ní mallard, coot dúdú tí iwájú orí rẹ̀ funfun, àti heron tó ń dúró bí òpó létí omi, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn bíi lékeléke, àmọ́ tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú. Àwọn ọmọ á fẹ́ ju búrẹ́dì sí pẹ́pẹ́yẹ. Búrẹ́dì díẹ̀ kò ní pa á, ṣùgbọ́n kò ṣe é láǹfààní, á kàn kún inú ẹyẹ tó nílò oúnjẹ gidi, èyí tó bá sì rì sínú omi á ba omi jẹ́. Ẹ mú àgbàdo tí a ti yọ kúrò lára ṣúkù, ẹ̀wà aláwọ̀ ewé tàbí oat dání, níwọ̀nba.

Ariwo tí ẹ máa gbọ́ lókè igi ní ọ̀pọ̀ ọgbà Lọ́ńdọ̀nù lè rán yín létí ilé. Ring-necked parakeet ni, ìbátan odídẹrẹ́, aláwọ̀ ewé, tí akọ rẹ̀ ní ìlà bí ẹ̀gbà lọ́rùn. Irú rẹ̀ wà ní ìhà àríwá Nàìjíríà, ó sì wà ní Íńdíà àti Pakistan. Inú àgò ni àwọn baba ńlá ti Lọ́ńdọ̀nù ti jáde, wọ́n sì ti ń pamọ nínú igbó ìlú náà láti nǹkan bí ọdún 1970. Òtútù kò lé wọn.

Òwìwí náà wà, mo sì fẹ́ dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Tawny owl máa ń ké gan-an láti ìgbà ìwọ́wé títí wọnú òtútù, nítorí pé ìgbà yẹn ló ń pín ilẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọgbà tó ní igi àgbà ló fẹ́ràn, kódà láàárín ìlú. Mo mọ ilé tí ìyá àgbà tó wá láti Nàìjíríà wá tọ́jú ọlọ́mọ tuntun ti gbọ́ ọ lóru, tí kò sì sùn mọ́. Lójú rẹ̀, ẹyẹ òru ni, ìyẹn sì ní ìtumọ̀ tí gbogbo wa mọ̀. Bí ẹ̀rù ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n ń béèrè ẹni tó ń fẹ́ ibi fún ọmọ náà. Ó yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ̀ pé ẹ̀sìn wa ti dá sí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Àwọn Lárúbáwá ìgbà àìmọ̀kan náà máa ń fi ẹyẹ wo ire àti ibi. Bó bá fò sọ́tùn-ún, wọ́n á lọ ìrìn àjò, bó bá fò sósì, wọ́n á padà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀, tiyarah, láti ara orúkọ ẹyẹ ni wọ́n ti fà á yọ. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ̀ ọ́, ó sì dárúkọ ìgbàgbọ́ nípa òwìwí pẹ̀lú nínú ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ó wà nínú Bukhari. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ fún màmá. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, torí ibi tí wọ́n ti tọ́ wọn dàgbà ni ẹ̀rù náà ti wá. Ẹ sọ fún wọn pé àdúgbò ni ẹyẹ náà ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ du, pé eku ni yóò jẹ kó tó sùn. Nígbà mìíràn, ohun tó ń wo ìyá àgbà sàn jù ni kí ọmọ-ọmọ wọn mú wọn lọ sójú fèrèsé láti gbọ́ bí abo ṣe ń ké tí akọ sì ń dáhùn.

Àwọn tó lọ àti àwọn tó dé

Kì í ṣe gbogbo ẹyẹ tí ẹ rí nígbà ooru ni ẹ máa rí nígbà òtútù. Alápàńdẹ̀dẹ̀ ti lọ. Èyí tó ń mọ ìtẹ́ sínú abà àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń fò tó nǹkan bíi kìlómítà 10,000 dé Gúúsù Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ nǹkan bíi gíráàmù 20 péré ni ìwọ̀n rẹ̀. Àwọn mìíràn láti Yúróòpù ń dúró ní Nàìjíríà: ní Ebbaken ní agbègbè Boje, ìpínlẹ̀ Cross River, alápàńdẹ̀dẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù kan máa ń sùn pọ̀ sínú koríko gíga lórí òkè ní àsìkò ọyẹ́. Kì í ṣe àwọn wọ̀nyẹn ló ń fi amọ̀ kọ́lé sábẹ́ òrùlé wa nílé o. Àwọn tó ń kọ́lé sọ́dọ̀ wa, onílé ni wọ́n. Àlejò kì í mọ ìtẹ́, ó ń padà síbi tí wọ́n bí i sí ni. Ọmọ tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù tí àwọn òbí rẹ̀ ń sọ ìtàn ilé fún á yára lóye ìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ń lọ ni àwọn mìíràn ń dé láti ibi tó tún tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Redwing ń ti Scandinavia àti Iceland wá, òru ló sì máa ń fò. Bí ẹ bá ń ti mọ́sáláásí bọ̀ lẹ́yìn ìṣáì lóṣù Ọ̀tóbà, tí ẹ gbọ́ ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan lókè, tí ẹ kò sì rí nǹkan kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni. Tó bá di Jánúárì, ẹ ó rí i lórí igi eléso pupa nínú ọgbà, pẹ̀lú àwọ̀ pupa lábẹ́ apá.

Kíka ẹyẹ

Ní òpin ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù Jánúárì lọ́dọọdún, RSPB máa ń rọ àwọn aráàlú láti ka ẹyẹ. Ọdún 1979 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àwọn ọmọdé. Lónìí, ọgọ́rọ̀ọ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń kópa. Owó kò sí níbẹ̀, ẹ kò sì ní láti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ yan wákàtí kan láàárín ọjọ́ Jímọ̀ sí ọjọ́ Àìkú, ẹ jókòó ti fèrèsé tàbí sínú ọgbà ìgbafẹ́, kí ẹ sì kọ ẹyẹ tó bà sílẹ̀. Èyí tó kàn ń fò kọjá kò sí nínú rẹ̀. Iye tó pọ̀ jù tí ẹ rí pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni kí ẹ kọ, torí bí ológoṣẹ́ mẹ́ta bá lọ tí mẹ́rin sì dé, ẹ ò mọ̀ bóyá àwọn kan náà ló padà. Ẹ ó wá fi iye náà ránṣẹ́ sí wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Láti ara irú kíkà báyìí ni wọ́n fi mọ̀ pé ológoṣẹ́, tó ṣì ń gba ipò kìn-ín-ní lọ́dọọdún, ti dín ju ìdajì lọ láti ọdún 1979. Ẹni tó bá ń wo ọgbà tirẹ̀ nìkan kò lè mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí á ṣì rí ológoṣẹ́ lójoojúmọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ jókòó ka ẹyẹ pẹ̀lú àwọn ọmọ, ẹ kọ́kọ́ ka ìtàn Ànábì Sulaimọn (kí ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fún wọn nínú Sùúrà Naml, láti àáyà 20. Ọba ńlá ni, àlùjànnú àti ènìyàn wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀, síbẹ̀ ó yẹ àwọn ẹyẹ wò, ó sì mọ̀ pé ẹyọ kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀, Hudhud. Àwọn ọmọ á béèrè bó ṣe mọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbìyànjú rẹ̀ fúnra wọn: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti ń wo ike kan náà, àwọn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé robin ẹlẹ́sẹ̀ kan dà lónìí.

Ní ti ilé wa, a ti ń ka greenfinch láti ọdún tí mo sọ yẹn. Ọdún méjì àkọ́kọ́, òdo ni a kọ. Lọ́dún kẹta, méjì wá, wọ́n sì dúró bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ẹyẹ kankan kò bá wá ní wákàtí tiyín, ẹ fi òdo náà ránṣẹ́. Àwọn tó ń kà á fẹ́ mọ ìyẹn pẹ̀lú.